Má Kà Á, Etí Ẹ̀ Ni Kó O Wò

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí gbólóhùn kan fi ń jẹ mí lọ́kàn. Mo máa wà nínú dánfó, mo máa ronú kàn án. Mo máa dúró níwájú pátákó níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JAMB ní físíìsì ní Bàrígà, ṣọ́ọ̀kì á wà lọ́wọ́ mi, ó tún máa sọ sí mi lọ́kàn. Nínú ìwé kan tí Daniel Gottesman, Alexei Kitaev àti John Preskill kọ ní 2001 ni mo ti kà á. Ìwé yẹn sọ bí èèyàn ṣe lè fi ẹyọ kúbíìtì kan (ẹyọ ìsọfúnni nínú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù, èyí tó ń lo òfin àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín) pamọ́ sínú ohun tó ń fì síwá sẹ́yìn bíi jàǹgírọ́fà, tí àṣìṣe bá sì dé bá a, kéèyàn tún un ṣe. Wọ́n ní èèyàn lè wo bí nǹkan náà ṣe sún kúrò níbi tó wà, kó tún wo bí eré tó ń sá ṣe yí padà, kó wo méjèèjì pa pọ̀, kó dá wọn padà sáàyè wọn, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò sì ní bàjẹ́.

Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì físíìsì rí á mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1927 ni Heisenberg ti là á mọ́lẹ̀ pé bó o bá ṣe mọ ibi tí nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín wà sí, bẹ́ẹ̀ ni eré tó ń sá á ṣe máa dàrú mọ́ ẹ lójú. Èmi fúnra mi ti kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti fún wọn ní máàkì lórí ẹ̀, mo ti gba máàkì lọ́wọ́ wọn lórí ẹ̀. Ṣé mo ti wá ń kọ́ wọn lódì láti ọjọ́ yìí ni?

## Ohun tó ń yọ̀ kì í ṣubú

Kúbíìtì tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbọ́ nípa ẹ̀, ipò méjì ló ní, òdo àti oókan, pẹ̀lú gbogbo àdàlú tó lè wà láàárín wọn. Peter Shor ti fi hàn ní 1995 pé téèyàn bá pín ẹyọ kan káàkiri mẹ́sàn-án, tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣìnà, àwọn tó kù lè fà á padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìyẹn ò ṣòro fún Yorùbá láti gbà. Ohun tó ń fì ló le. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré lọ, ìgbì máíkírówéfù tó há sínú àpótí irin tó tutù, ẹyọ áyọ́ọ̀nù kan, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná nínú, tí wọ́n so rọ̀ sáfẹ́fẹ́ tó ń mì, gbogbo wọn kì í ṣe òdo tàbí oókan. Ibi tó wà lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí, 0.3, 0.31, 0.3142, kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Àṣìṣe tiẹ̀ náà kì í wá bí ìgbà téèyàn ṣubú, ó máa ń yọ̀ ni, díẹ̀ báyìí, díẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kó o tó mọ̀ ó ti kúrò níbi tó o fi í sí, kò sì sí àmì kankan nílẹ̀ tó máa sọ fún ẹ pé ibí ló wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì rántí pé kò sẹ́ni tó lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́. Wootters àti Zurek sọ ọ́ ní 1982, Dieks náà sọ ọ́ lọ́dún yẹn kan náà, pé ipò kúáńtọ́ọ̀mù tó ò mọ̀ kò ṣeé ṣe fótókọ́pì. O ò sì lè kàn wò ó, torí tó o bá ti wò ó ó máa mú ipò kan, àdàlú tó wà nínú ẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ fojú inú wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ: nǹkan kan ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹ nígbà gbogbo, o ò gbọdọ̀ wò ó, o ò lè ní ẹ̀dà ẹ̀, wọ́n wá ní kó o máa dá a padà sáàyè ẹ̀.

Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi ohun tó ń fì sílẹ̀ kí wọ́n lọ lo kúbíìtì lásán. Ìdí ni pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ohun tó ń fì ní ipò tí kò lópin nínú, ààyè pọ̀ nínú ẹ̀ débi pé ohun tó yẹ kó o kó kúbíìtì rẹpẹtẹ jọ fún, àpótí kan lè gbà á. Kàkà ká kó ogójì yàrá jọ ká máa gbá gbogbo ẹ̀, ká ní ilé ńlá kan ṣoṣo tó ní yàrá tó pọ̀ nínú.

Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú. Ní 1998 Seth Lloyd àti Jean-Jacques Slotine gbé ọ̀nà kan jáde, Samuel Braunstein náà gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún yẹn, wọ́n pín ohun tó ń fì kan káàkiri ọ̀pọ̀, bíi ti Shor. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló ṣìnà pátápátá, ọ̀nà yẹn ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ gbígbọ̀n kékeré tó ń bá gbogbo wọn pa pọ̀ láìdáwọ́ dúró, ìyẹn ò gbọ́ràn. Nígbà tó di 2009 Niset, Fiurášek àti Cerf fi ìṣirò ti ilẹ̀kùn yẹn pa: àwọn irinṣẹ́ tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, dígí, ohun tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, ohun tó ń fún un pọ̀, kò lè dá wo irú gbígbọ̀n yẹn sàn. Àfi kó o mú nǹkan míì wá láti ìta.

Nǹkan míì tí àwọn mẹ́ta ọdún 2001 ti mú wá ṣáájú ìgbà náà ni eyín òòyà. Wọ́n ní dípò kó o jẹ́ kí nǹkan yẹn wà níbi tó bá wù ú, ṣe é kó jẹ́ pé àwọn ojú ibì kan tó jìnnà síra dọ́gbadọ́gba nìkan ló lè wà, bí eyín òòyà. Láti eyín kan sí ìkejì jẹ́ rúùtù páì, bíi 1.77. Eyín tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣeé pín sí méjì, 0, 2, 4, ìyẹn ni òdo. Èyí tó wà láàárín wọn, 1, 3, 5, ìyẹn ni oókan. Tí nǹkan bá yọ̀ díẹ̀, kò ní sí lójú eyín mọ́, o máa tì í padà sí eyín tó sún mọ́ ọn jù.

Ìyẹn yé mi. Ohun tí ò yé mi ni bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó yọ̀ nígbà tí wọn ò gbọdọ̀ mọ eyín tó wà.

## Sátidé olójò kan ní Balógun

Àǹtí Múlí, àbúrò ìyá mi, ń ta léèsì nínú ọjà Balógun, ní ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan tó já sí Broad Street. Sátidé kan nínú oṣù keje wọ́n pè mí pé ẹrù dé, ọmọ iṣẹ́ wọn ò sì wá. Mo wọ dánfó láti Yábàá lọ sí CMS, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó tún ń rọ̀. Àwọn alábàárù ń gbé bọ́ńdù wọlé lórí, omi ń kán lára náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bò ó, ọ̀nà yẹn há débi pé tí ẹnì kan bá ń bọ̀ ẹnì kejì á fẹ̀yìn ti ògiri.

Bí wọ́n ṣe ń kó léèsì nìyí. Káfíńtà gé àwọn pátákó pẹlẹbẹ kan fún wọn, tó o bá yí aṣọ po ó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá kan gééré ni, íǹṣì 36. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára pátákó kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tí wọ́n bá wé dáadáa, tó bá ti pé ọ̀pá, yálà ọ̀pá márùn-ún ni o, mẹ́fà ni o, mẹ́wàá ni o, etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn. Àmọ́ léèsì ń yọ̀. Alábàárù á ti gbé e kọ lu ògiri, òjò á ti pa á, á dẹ̀ lára pátákó, etí ẹ̀ á sún kúrò lórí ìlà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ò ju pé kí n máa dá etí aṣọ padà sórí ìlà, kí n fi píìnì há a, kó tó gun ṣẹ́ẹ̀fù.

Mo mú bọ́ńdù àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

“Tíṣà, kí lò ń tú?”

“Mo fẹ́ kà á ni, Àǹtí, kí n lè mọ̀ bóyá ó pé.”

“Ta ló ní kó o kà á? Tó o bá tú u, ta ló máa wé e padà bó ṣe wà, léèsì tó ti tutù báyìí? Má kà á. Etí ẹ̀ ni kó o wò.”

Wọ́n fi àtàǹpàkò kan etí aṣọ náà, wọ́n wo ìlà, wọ́n ní “íǹṣì mẹ́ta,” wọ́n fà á, ó bọ́ sórí ìlà, píìnì wọlé. Wọ́n mú òmíì, “èyí ti kọjá, íǹṣì méjì,” wọ́n dẹ̀ ẹ́ padà, píìnì wọlé. Ọwọ́ wọn ò dúró. Wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀pá márùn-ún, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ mẹ́fà, kò tiẹ̀ kàn wọ́n nígbà yẹn. Ìgbà tí kọsitọ́mà bá dé, tó ti ná an tán, ìgbà yẹn la tó máa ń ka wíwé aṣọ náà níkọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀, ká fi mọ iye ọ̀pá.

Mo dúró síbẹ̀, píìnì mẹ́rin há sí mi lẹ́nu, orí mi wú.

Torí etí aṣọ yẹn sọ bó ṣe sún tó, kò sì sọ iye tó jẹ́. Àṣẹ́kù ni. “Kí ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ọ̀pá tó pé?” jẹ́ ìbéèrè kan, “ọ̀pá mélòó ni?” jẹ́ ìbéèrè míì pátápátá, o sì lè gba ìdáhùn ti àkọ́kọ́ kó o má gbọ́ ti ìkejì rárá. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ wà nínú iye ọ̀pá. Àṣìṣe wà nínú àṣẹ́kù. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti ń rò pé ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ mọ ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́, àṣé bó ṣe sún tó nìkan ló yẹ kó mọ̀.

## Ìyípo méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí aṣọ ò ti jọ kúáńtọ́ọ̀mù, torí mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Ẹ lè ka léèsì Àǹtí Múlí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sọ ọ́ di aṣọ míì, wíwé ẹ̀ nìkan ló máa dàrú. Nínú ayé kúáńtọ́ọ̀mù kíkà fúnra ẹ̀ ni ìbàjẹ́. Àti pé ọ̀nà méjì ni nǹkan yẹn ń gbà yọ̀, ibi tó wà àti eré tó ń sá, ìlà ṣọ́ọ̀kì méjì lo máa nílò, Heisenberg sì ti ní àwọn méjèèjì kì í jọ jókòó.

Ohun tí Heisenberg sọ ò yí padà. O ò lè mọ ibi tó wà délẹ̀délẹ̀ kó o tún mọ eré ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Àmọ́ àṣẹ́kù àwọn méjèèjì ńkọ́? Ẹ fọkàn bá mi lọ níbí, torí ibí yìí ló dùn jù fún mi nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè àṣẹ́kù, ṣe ló máa wò ó bóyá nǹkan náà ṣì rí bákan náà tí wọ́n bá sún un ní ìṣísẹ̀ kan tó níwọ̀n; ìṣísẹ̀ kan wà fún ibi tó wà, òmíì wà fún eré ẹ̀.

Tó o bá kọ́kọ́ ti nǹkan náà sápá ọ̀tún kó o tó fi kún eré ẹ̀, tàbí tó o kọ́kọ́ fi kún eré ẹ̀ kó o tó tì í, ibì kan náà lo máa bá a, àmọ́ ìgbì inú ẹ̀ á ti yí díẹ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe yí tó, ṣe ni wàá sọ ìṣísẹ̀ méjèèjì di púpọ̀ fúnra wọn. Yíyí yẹn ni ìjà tó wà láàárín wọn. Àwọn mẹ́ta yẹn wá mú ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ní rúùtù páì lọ́nà méjì, wọ́n mú ìkejì náà ní rúùtù páì lọ́nà méjì, nínú ìwọ̀n tí àwọn onífísíìsì máa ń lò kí nọ́ńbà Planck, nọ́ńbà kékeré tó máa ń wà nínú ìṣirò kúáńtọ́ọ̀mù, lè kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó di páì mẹ́rin. Ìyípo kan pátá sì jẹ́ páì méjì. Ọwọ́ aago yẹn yí lẹ́ẹ̀mejì gééré, ó padà síbi tó wà, bí ẹni tó yí ráńdábáòtù po lẹ́ẹ̀mejì tó tún bọ́ sójú títì tó ti wọlé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó kúrò. Ìjà parí. Ìbéèrè méjèèjì lè jọ jókòó, torí pé àṣẹ́kù nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Ìyípo méjì yẹn ò sì ṣèèṣì jẹ́ méjì. Páì méjì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààyè fún ipò kan. Páì mẹ́rin jẹ́ ààyè fún ipò méjì. Òdo àti oókan. Kúbíìtì wa nìyẹn, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú àlàfo tí ìbéèrè wa ò kàn.

Ẹ̀yìn rìsíìtì kan ni mo ti ṣe ìṣirò yìí nínú dánfó tó ń gbé mi padà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lórí Third Mainland, omi ọ̀sà funfun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mo sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí n lè rí i pé mi ò ṣì í. Heisenberg ò parọ́. Èmi náà ò kọ́ àwọn ọmọ yẹn lódì. Mo kàn ṣe bí ẹni pé kíkà nìkan ni ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wo nǹkan.

## Íǹṣì 18

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ Àǹtí Múlí pè mí. Kọsitọ́mà kan ra ọ̀pá márùn-ún, wọ́n ka wíwé ẹ̀ lójú ẹ̀, márùn-ún ló pé, ó sanwó márùn-ún. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ téélọ̀, tí téélọ̀ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ọ̀pá mẹ́fà ni. Obìnrin náà ló padà wá sọ, Ọlọ́run bù kún un. Ara àwọn tí mo há píìnì sí ni.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Aṣọ yẹn ti dẹ̀ jù, etí ẹ̀ ti sún sẹ́yìn ìlà tó bí íǹṣì 20. Ìlà ọ̀hún sì ń yípo ni, tó o bá fi íǹṣì 20 sẹ́yìn ẹ̀, íǹṣì 16 ló kù kó o tún bá a lápá kejì. Wọ́n ti sọ fún mi pé ibi tó bá sún mọ́ jù ni kí n fà á sí. Íǹṣì 16 kéré sí 20. Mo dẹ̀ ẹ́ sí i, ó bọ́ sórí ìlà rẹ́gí, mo há píìnì, aṣọ ọ̀pá mẹ́fà di aṣọ tó wé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì rí mèremère lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Kò sí ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn tó mèremère yẹn. Kò sẹ́ni tó lè wò ó kó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é.

Bó ṣe rí nínú ti Gottesman, Kitaev àti Preskill gan-an nìyí. Yíyọ̀ tí ò bá tó ìdajì rúùtù páì, bíi 0.886, máa padà sílé. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtúnṣe fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ́ di àṣìṣe, òdo á di oókan, kò sì sí aago kankan tó máa dún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kí yíyọ̀ má baà ráyè dàgbà láàárín àyẹ̀wò kan sí ìkejì.

Ìṣòro míì wà, ìlà ṣọ́ọ̀kì tí ò nípọn rárá kò sí láyé yìí. Eyín òòyà tó mú gan-an bó ṣe wà nínú ìwé máa gba agbára tí kò lópin, èyí téèyàn lè ṣe, eyín ẹ̀ á sanra díẹ̀, òòyà ọ̀hún á sì lópin lápá méjèèjì. Mo rò pé ara ohun tó jẹ́ kó pẹ́ nìyẹn. Láti 2001, ó di 2019 kí àwọn tó wà ní yunifásítì ETH ní Zurich tó ṣe é nínú bí ẹyọ áyọ́ọ̀nù kan ṣe ń mì. Ní 2020 àwọn ará yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe é nínú àpótí máíkírówéfù tó tutù débi pé ó kù díẹ̀ kí òtútù gan-an tán láyé. Ní 2024 wọ́n ṣe é nínú ìmọ́lẹ̀ ní Tokyo. Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Yale ní 2023. Ohun tí wọ́n tún ṣe léraléra pẹ́ láyé ju kúbíìtì tó dára jù tí wọ́n lè fi sínú ẹ̀rọ kan náà láìtún un ṣe, ìlọ́po 2.27. Ìyẹn ni pé àtúnṣe wá ń mú èrè wá ju ìdààmú tóun fúnra ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti tún ẹ̀rọ ṣe rí á mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ àtúnṣe ló jẹ́ pé ọwọ́ alátùn-únṣe ló ba ìyókù jẹ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Múlí ohun tó yẹ kí n ṣe sí bọ́ńdù yẹn. Wọ́n ní èyí tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín, íǹṣì 18, ìyẹn bí íǹṣì 15 sókè, àwọn kì í há a ní píìnì. Àwọn á gbé e sọ́tọ̀. Tó bá yá àwọn á wo àwọn tó jọ wà nínú àpò kan náà: tí gbogbo wọn bá dẹ̀, á jẹ́ pé òun náà dẹ̀ ni, tí gbogbo wọn bá le, á jẹ́ pé ó kọjá ni. Ní 2017 Fukui, Tomita àti Okamoto kọ ìwé lórí ohun tó jọ èyí gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àṣẹ́kù kì í ṣe ohun téèyàn ń lò láti fi tún nǹkan ṣe kó sì sọ ọ́ nù, ó tún ń sọ fún ẹ bó o ṣe lè fọkàn tán àtúnṣe yẹn tó. Èyí tó sún díẹ̀, gbà á gbọ́. Èyí tó wà nítòsí àárín, má gba tiẹ̀ nìkan gbọ́, jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ́rìí.

## Káyọ̀

Mi ò bá má kọ gbogbo èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ àti físíìsì nìkan ni.

Àbúrò mi Káyọ̀dé ń gbé lọ́dọ̀ mi. Iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ dá a dúró nínú oṣù kejì, lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wà nínú yàrá. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, mo sì gbà pé mi ò lè ràn án lọ́wọ́ àfi tí mo bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, torí náà mò ń béèrè. Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Kí lò ń rò? Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí? Alẹ́ ọjọ́ kan ó wò mí, ó ní, “Mi ò fẹ́ ṣe nǹkankan mọ́, bọ̀ọ̀dá mi.”

Mo ti ronú lórí ìdáhùn yẹn gan-an. Mi ò gbà pé ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mo gbà pé nǹkan bíi mẹ́ta mẹ́rin ló ń jà nínú ẹ̀ tí kò tíì mú ọ̀kan, èmi ni mo fi ìbéèrè há a mọ́gun kó tó mú, ó sì mú èyí tó wà nítòsí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àtìgbà tó sì ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu ló ti ń gbé inú ẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, aago méje alẹ́ ni Àǹtí Múlí máa ń pè é. “Káyọ̀, o ti jẹun? Kí lo jẹ? O ti wẹ̀?” Ó tán. Tó bá ní òun ò tíì jẹun, wọ́n á ní kí n bu oúnjẹ fún un, wọ́n á dúró lórí fóònù títí mo fi bù ú. Inú máa ń bí mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àwọn àgbà yìí, ọmọ ń kú lọ nínú, oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè. Ó di ọjọ́ tí mo wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn, rìsíìtì wà lórí itan mi, kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ti ń béèrè láti oṣù kejì. Wọn ò kan ohun tó fi pamọ́ rí. Etí ẹ̀ ni wọ́n ń wò, lálaalẹ́, wọ́n ń fà á padà ní íǹṣì méjì, íǹṣì mẹ́ta.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù kan ò kúrò lára mi, ẹ̀rù bọ́ńdù ọ̀pá mẹ́fà yẹn. Tí ọmọ bá ti sún ju ìdajì lọ ńkọ́, tó sì ń dáhùn “mo ti jẹun” rẹ́gí bẹ́ẹ̀?

Tọ́sìdeè kan wọ́n pè é bí wọ́n ṣe máa ń pè. “Káyọ̀, o ti jẹun?” Ó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Mo ti jẹun, mà.” Òótọ́ ni, ojú mi ló ṣe jẹun. Wọ́n ní kó gbé fóònù fún mi. Wọ́n ní, “Tíṣà, èyí wà láàárín o,” wọ́n sì gé fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fúráìdeè, ọjọ́ tí ọjà máa ń kún, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n wọ ọkọ̀ wá sí Bàrígà. Wọn ò béèrè nǹkankan. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń sọ ti ọ̀wọ́n léèsì. Àwọn àbúrò mi méjì tó kù wọlé lọ́sàn-án, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti pè wọ́n. Gbogbo wa jẹ àmàlà nínú yàrá kékeré yẹn, orúnkún wa ń kanra. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, “Káyọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi ò wá mọ́. Wá bá mi fún ọjọ́ mélòó kan.”

Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Òjò ti dá, àmọ́ ọ̀nà ṣì tutù. Káyọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, píìnì wà lẹ́nu ẹ̀, pátákó wà lórí itan ẹ̀. Àtàǹpàkò, ìlà, fà, píìnì. Àtàǹpàkò, ìlà, dẹ̀ ẹ́, píìnì. Ó mú ọ̀kan tó jẹ́ àwọ̀ ẹyin, ó wò ó, ó yí i sápá kejì, ó tún wò ó. Ó yọ píìnì lẹ́nu.

“Àǹtí, èyí wà láàárín.”

“Gbé e síbẹ̀,” wọ́n dáhùn látẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀fù. “Mò ń bọ̀.”

Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, ó nawọ́ mú òmíì.